Ẹ̀RỌ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ: ỌWỌ́ TA NI ỌMỌ WÀ?

  Bí a ti ń jó tí a ń yọ̀ níbi àjọ̀dún yìí, ó yẹ kí a fara balẹ̀ díẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀wò, nítorí pé ó kan àwọn ọmọ wa. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé kan tí a ṣe nípa owó ẹ̀kọ́. Owó tó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Àwọn kan dábàá pé kí a fi ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ tó ń wá sí lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, kí ojú wọn lè là bí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó. Àwọn mìíràn ní rárá, kí a fi owó náà san nǹkan gidi fún olùkọ́ méjì tó ti ń fi ìfẹ́ inú kọ́ àwọn ọmọ náà láti ọjọ́ yìí wá. Ohùn lọ sókè. Ìgbà náà ni àgbà kan béèrè ohun tó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ó ní, “Bí a bá ra ẹ̀rọ yìí tán, tí ọmọ kò sì mọ ìwé, ta ni a ó pè kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀?” Ìpàdé parí, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Òun ni a fẹ́ dáhùn níhìn-ín, bí agbára wa ti mọ.

Ẹ jẹ́ kí a là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a kò kọ ẹ̀rọ ìgbàlódé. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìjọba mọ bí ayé ti rí nígbà tí a ń fi táípúráítà tẹ lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àṣìṣe kékeré. Ẹni tó bá ní kí ayé padà sẹ́yìn ń tan ara rẹ̀ ni. Ohun tí a ń béèrè ni èyí: iṣẹ́ wo ni ó tọ́ kí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ olùkọ́ àti òbí, iṣẹ́ wo sì ni kò tọ́ kí ó gbà lọ́wọ́ wọn láéláé?

WÀLÁÀ KÒ NÍ ETÍ

Ohun èlò nínú ẹ̀kọ́ kì í ṣe tuntun. Bí a bá jáde ní òwúrọ̀ ní Kánò, a ó rí àwọn ọmọ tó gbé allo dání, pákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí. Àwa Yorùbá ń pè é ní wàláà. Tàdáà ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí ọmọ bá ti mọ ohun tó wà lára rẹ̀ sórí, wọn a fi omi fọ̀ ọ́, wọn a sì kọ òmíràn sí i. Ohun èlò gidi ni. Kò wọ́n, kì í kú bí iná bá lọ, ẹ̀gbọ́n a sì lò ó títí yóò fi kan àbúrò. Síbẹ̀, kò sí òbí tó gbé wàláà lé ọmọ lọ́wọ́ tó wá ní ọmọ òun ti di alákéwú. Ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó síwájú Ààfáà kí ó kà á sí i létí. Bí ó bá ṣì í pè, Ààfáà ni yóò gbọ́, òun ni yóò sì tún un ṣe. Wàláà kò ní etí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọpọ́n Ifá. Ọpọ́n lè dára, kí ìyẹ̀rosùn kún orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọ́n kò mọ Ifá. Babaláwo tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ Ọlọ́run náà, síléètì ni àwọn òbí wa fi kọ́ ìwé. Tíṣà a máa rìn láàárín wọn, a máa wo ọwọ́ ẹni tó ń gbọ̀n, a máa mọ ẹni tí ebi ń pa àti ẹni tí kò sùn ní òru.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìkọ́ni. Èkíní ni kí a gbé ìmọ̀ síwájú ọmọ. Èyí ni wàláà, síléètì, ìwé àti kọ̀ǹpútà lè ṣe, kọ̀ǹpútà sì ń ṣe é ju gbogbo wọn lọ. Èkejì ni kí ẹnì kan mọ ọmọ náà, kí ó mọ ibi tó ti ń kọsẹ̀, kí ó sì gbà pé ọrùn òun ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà wà. Iṣẹ́ kejì yìí ni a ń bẹ̀rù pé a fẹ́ fi ẹ̀rọ sá fún.

OHUN TÍ OJÚ TI RÍ

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1955, àwọn ọmọ pọ̀ lọ bí yanrìn, olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò sì kárí. Ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí tí wọ́n fi dá tẹlifíṣọ̀n náà sílẹ̀ ni kí ó lè ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ abúlé tí kò ní iná kò lè rí i, ẹni tó sì ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n kò lè dúró de ọmọ tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, eré àti ìpolówó ọjà borí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2005, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Nicholas Negroponte, kéde pé òun yóò ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká olówó pọ́ọ́kú, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ní 2007, wọ́n dán an wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Galadima, ní Abuja. Láìpẹ́, ìròyìn jáde pé àwọn ọmọ kan ti ń fi í wo àwòrán ìhòòhò. Mílíọ̀nù kan tí wọ́n ní Nàìjíríà yóò rà kò dé mọ́. Orílẹ̀-èdè Perú ní tirẹ̀ pín ohun tó ju 800,000 lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo àbájáde rẹ̀ ní 2012, wọn kò rí i pé àwọn ọmọ náà mọ ìṣirò tàbí ìwé kíkà ju àwọn tí kò gbà á lọ. Wọ́n pín ẹ̀rọ dé ọwọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n wọn kò múra olùkọ́ sílẹ̀ tó láti lò ó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìwé kíkà pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè àtẹ̀yìnwá WAEC àti JAMB, kò sì nílò ìtàkùn ayélujára kí ó tó ṣiṣẹ́. Inú wa dùn sí i, ó sì wú wa lórí pé orúkọ Yorùbá ni wọ́n fún un, tí wọ́n sì fi àṣà wa sí inú rẹ̀. Ìwé tí òbí kò lówó láti rà wà lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn náà rán wa létí ọ̀rọ̀ tí a sọ lókè: ọpọ́n nìkan kò tó. Ìwé tí a rà ní 2013, àbúrò lè kà á lónìí. Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ohun ìṣeré ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí tó kẹ́sẹ járí yẹ̀wò náà, kí a má baà ṣe ojúsàájú. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2024, ní ìlú Bìní ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, Báǹkì Àgbáyé ṣe ìdánwò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà ní ọdún kìíní ilé-ẹ̀kọ́ gíga onípele àgbà. Lẹ́yìn àsìkò ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Microsoft Copilot, ẹ̀rọ AI tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Àbájáde rẹ̀ dára gan-an. Àwọn ọmọ náà tẹ̀ síwájú ju àwọn tí kò bá wọn ṣe é lọ, ẹni tó sì wá déédéé jèrè jù. Kí ló mú kí èyí yàtọ̀ sí ti Galadima? Olùkọ́ wà nínú yàrá. Òun ló ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ náà, òun ló ń fi ọ̀nà hàn wọ́n bí wọn yóò ti bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ọmọ méjì ló ń pín kọ̀ǹpútà kan, èkínní ń gba èkejì níyànjú. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dáadáa nítorí pé ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ ènìyàn.

Òdì kejì rẹ̀ ni a fi ojú ara wa rí. A mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fún ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, wọ́n ti yàrá náà pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí àlejò bá dé láti ọ́fíìsì, wọn a ṣí i, wọn a ya fọ́tò, wọn a tún tì í. Ọdún mẹ́rin kọjá bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

ỌJỌ́ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ KÒ SUNKÚN

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí ní apá tó jẹ mọ́ òdodo. Ní 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Láti 2015, gbogbo ọmọ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa, ọmọ ìyá aláta, tó mọ kẹ́mísírì débi pé òun ló ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì. Ó sọ fún wa pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n, pé àkókò púpọ̀ ti kọjá kí òun tó mọ bí òun yóò ti lọ sí ìbéèrè kejì. Ó pàdánù ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ JAMB ti ṣe é kí ọmọ lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré dáhùn gbogbo ìbéèrè láìlo máòsì rárá! Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ẹ̀bi kọ̀ǹpútà kọ́ nìyẹn. Ẹ̀bi àwa tí a wà láyìíká rẹ̀ ni, àwa tí a ní fóònù méjì-méjì lápò.

Ti ọdún 2025 tún ga ju èyí lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìdáhùn ìdánwò JAMB ní ibùdó 157, ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ Ìbò, kò gba àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n ṣe sí wọn. Èsì àwọn ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, wọ́n sì ní láti tún un ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn. Ó sunkún, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun gba ẹ̀bi náà. Ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tó wù ú nípa ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí àwa rí nínú rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò sunkún. Kò mọ̀ pé òun ṣe ẹnikẹ́ni. Ènìyàn ló sunkún, ènìyàn ló sì dáhùn. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó parẹ́ nínú kíláàsì àwọn ọmọ wa.

ÈDÈ WO NI Ẹ̀RỌ Ń BÁ ỌMỌ SỌ?

Àwa tí a ń gbé òkè ọya ní ìṣòro kan tí ará ilé kò ní. Hausa ni ọmọ wa ń sọ ní títì, Gẹ̀ẹ́sì ni ní kíláàsì. Bí a bá wá gbé ẹ̀rọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lé e lọ́wọ́ ní alẹ́, ìgbà wo ni yóò gbọ́ Yorùbá? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, kí a má dúró de ìjọba.

Ẹ̀rọ kì í ní ẹ̀tanú sí Yorùbá. Ohun tí a bá fi sí i ni yóò sọ. Fóònù tí a rà ní ọjà Farm Centre níbí ní Tarauni lè gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ bí ó bá ń pa àlọ́, ó lè gba oríkì ìdílé sílẹ̀ kí ó tó bá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ sí ọ̀run. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti ìyá àgbà? Ta ni yóò sọ fún ọmọ pé èyí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn? A tún padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

“OLÙKỌ́ WO LẸ Ń SỌ?”

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá ní ìbéèrè yìí. Wọn yóò ní, ṣé olùkọ́ tí kì í wá ni, àbí èyí tó wá tó ń sùn, àbí èyí tó ń fi pàṣán lu ọmọ nítorí ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dáhùn? Wọn yóò ní ẹ̀rọ kì í bínú, kì í rẹ̀, kì í fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì dùn wá. Ọmọ onítìjú lè bi ẹ̀rọ ní ohun tí kò jẹ́ bi tíṣà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ń dójú tì wá ni, kí a sì gba ìtìjú náà.

Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń jò, a kì í fi ilé sílẹ̀ kí a lọ máa gbé inú agboòrùn. Olùkọ́ tí kò mọṣẹ́, kí a kọ́ ọ. Èyí tí a kò sanwó fún, kí a san án. Bí a bá fi ẹ̀rọ rọ́pò olùkọ́ burúkú, ọmọ olówó yóò ní olùkọ́ rere àti ẹ̀rọ, ọmọ tálákà yóò ní ẹ̀rọ nìkan, nígbà tí iná bá wà. Àwọn tó ti lò ó ṣáájú wa náà ń ronú: ní Sweden, tí ẹ̀rọ ti kún kíláàsì tipẹ́, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó sọ́tọ̀ ní 2023 kí ìwé títẹ̀ lè padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ewu kan tún wà tó wà nínú ilé wa gan-an. Ọmọ tó ní kí AI bá òun kọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ dà bí ẹni tó rán ẹlòmíràn lọ jẹun fún un. Àwo yóò ṣófo, ebi yóò sì wà níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ni òbí tó béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣàlàyé èyí fún mi.” Bí kò bá lè ṣàlàyé, òun kọ́ ló kọ ọ́.

ÀBÁ WA

(1) Kí owó ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ sanwó fún olùkọ́ méjèèjì, kí a sì rán wọn lọ kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ni.

(2) Kí a fi ìyókù ra kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ọmọ máa pín in lò, kí olùkọ́ sì wà nínú yàrá ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn. A kò ní ti yàrá náà pa.

(3) Kí ọmọ kankan nínú ẹgbẹ́ wa má tún lọ fi ọjọ́ ìdánwò JAMB ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ tí yóò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ ọmọ aláta, ìbáà jẹ́ ọmọ alága.

(4) Kí àwọn ọmọ máa fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà wa sílẹ̀ ní Yorùbá, kí àgbà kan sì máa bá wọn tú u palẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

(5) Kí òbí kọ̀ọ̀kan máa fi ìṣẹ́jú ogún péré jókòó ti ọmọ rẹ̀ lálẹ́, kí fóònù ti òbí náà sì wà ní pípa.

Bàbá wa tó béèrè pé ta ni a ó pè bí ọmọ kò bá mọ ìwé, ìdáhùn wa rèé. Ẹ kò ní pe ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ní ìlú òyìnbó, nítorí kò mọ orúkọ ọmọ náà. Ẹ ó pe olùkọ́, ẹ ó pe òbí, ẹ ó sì pe àwa tí a jókòó níbi ìpàdé tí a pín owó náà. Ọwọ́ wa ni ọmọ wà. Ẹ̀rọ lè bá wa gbé ẹrù, kò lè bá wa jẹ́ ìpè.

Àwọn baba wa tó bá ọkọ̀ ojú irin dé Kánò gba iṣẹ́, wọ́n ṣòwò, wọ́n fi owó kékeré rán ọmọ níléèwé ní ilẹ̀ àjèjì. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwé wo ni ọmọ ń kà, wọ́n mọ orúkọ tíṣà rẹ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa má rẹ̀yìn láàárín ẹgbẹ́, kí wọ́n má sì gbàgbé ilé. Ọdún á yabo, a ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.